Oníbodè Tí A Kò Kí: Iṣẹ́ Taribo West Lórí Pápá

Iṣẹ́ kékeré kọ́ ni àwọn tí ń sọ bí eré bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ lórí rédíò ti ṣe fún èdè Yorùbá. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó jókòó tì wọ́n, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó yẹ iṣẹ́ wọn wò, síbẹ̀ wọ́n fún wa ní "atamátàsé" fún ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, "aṣọ́lé" fún ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ilé, "akọ́nimọ̀ọ́gbá" fún ẹni tí ń kọ́ wọn, àti "wò-mí-n-gbá-sí-ọ" fún ìyà tí adájọ́ fi ń jẹ ẹgbẹ́ tí ó bá ṣẹ̀ nínú àgbàlá ara rẹ̀. Ẹ wo "atamátàsé" dáadáa. "Ta" ni ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀, kì í ṣe "gbá". Ọfà ni a ń ta, ìbọn sì ni a ń yìn. Ọwọ́ àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ ni wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gbé e wọ bàtà agbábọ́ọ̀lù láìsí pé ẹnikẹ́ni fura. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń dúró níwájú aṣọ́lé, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ pé kí ewu má dé ilé rárá, ọgbọ́n tán. "Ẹni ẹ̀yìn" ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ̀yìn ibo? Ẹ̀yìn ta ni? Bí a bá wò ó láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń kó ogun bọ̀, ṣé kì í ṣe iwájú gan-an ni wọ́n wà?

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá má kàn mí tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ará Ṣómólú àti Bàrígà títí di òní. Taribo West ni mo ń wí. Ìlú Port Harcourt ni wọ́n bí i sí ní 1974, ṣùgbọ́n Ṣómólú ni ó dàgbà sí, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Auxerre ní ilẹ̀ Faransé, fún Internazionale àti Milan ní Ítálì, fún Derby County ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún Kaiserslautern ní Jámánì. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní ìdíje Òlíńpíìkì ti 1996, ó sì lọ sí Ife Àgbáyé ní 1998 àti 2002. Ká ní òǹkọ̀wé ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ì bá ti fi iṣẹ́ rẹ̀ gba oyè. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yìí léèrè pé irú agbábọ́ọ̀lù wo ni Taribo. Irun ni yóò kọ́kọ́ bá yín sọ. Lẹ́yìn irun, yóò sọ ti ìjọ tí ó dá sílẹ̀. Lẹ́yìn ìjọ, yóò rẹ ohùn sílẹ̀, yóò sọ ti ọjọ́ orí. Kí ó tó kan bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ ti ṣú.

Èmi kò rí i bí ohun tí ó yẹ. Nínú àwùjọ àwọn ọdẹ, bí oníjàálá kan bá ń sun ìjálá lọ́wọ́, tí ó sì ṣi oríkì ẹranko tàbí ti orílẹ̀ kan pè, ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n jù ú lọ lè dá a dúró níbẹ̀, lójú gbogbo ayé, kí ó sì tún un ṣe. Kò ní béèrè irú aṣọ tí ó wọ̀ wá sí agbo. Kò ní béèrè ibi tí ó ti ń jọ́sìn. Ohun tí ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni yóò gbé yẹ̀ wò, nítorí pé òun ni iṣẹ́ tí ó wá ṣe. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fi wo Taribo. Eré bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí a ń fi ara ṣe níwájú èrò, ó ní ẹ̀kọ́, ó ní àṣìṣe, ó ní ohun tí ẹnì kan mọ̀ ọ́n ṣe tí ẹnì kejì kò mọ̀.

Kí n kọ́kọ́ mú ti irun kúrò lọ́nà. Ó di irun rẹ̀ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó fi àwọ̀ kùn ún, títí kan àwọ̀ ewé tí ó jẹ́ ti àsíá wa, àwòrán rẹ̀ sì kún inú ìwé ìròyìn gbogbo ayé. Inú bí àwọn àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa nígbà náà. Wọ́n ní ọkùnrin kì í dirun. Mo fẹ́ rán irú àwọn bẹ́ẹ̀ létí pé àwọn ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń dirun bí obìnrin, wọn kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ di ọ̀lẹ. Àwọn ìlàrí Aláàfin ń fá apá kan orí, wọ́n ń dá apá kan sí, kí gbogbo ẹni tí ó bá rí wọn lè mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n tó lanu sọ̀rọ̀ rárá. Nínú àṣà wa, orí ọkùnrin ti pẹ́ tí ó ti ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà n kò bá irun náà jà. Ohun tí mo bá jà ni pé irun ni ó ṣe é yà ní fọ́tò, iṣẹ́ kò ṣe é yà.

Ẹni tí ó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ọ̀pọ̀ ojúlé ibẹ̀ jókòó lé. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ìrántí òkú, ìwé orin, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́: ibẹ̀ ni èmi náà ti ń tẹ àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí mo ń kọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Mo rí àwọn kàlẹ́ńdà agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń tà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ lẹ́yìn 1996. Bí ó bá jẹ́ Kanu ni, bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Amokachi ni, ó ń sáré. Ti Taribo, ńṣe ni ó dúró, irun rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ayàwòrán kò jẹ̀bi. Ohun tí ẹni tí ń dáàbò bo ilé bá ṣe dáadáa jù lọ ni ohun tí kò ṣẹlẹ̀: bọ́ọ̀lù tí kò dé ọ̀dọ̀ atamátàsé, igun tí atamátàsé náà kò lè yà sí nítorí pé ẹnì kan ti dé ibẹ̀ ṣáájú. Ta ni yóò ya fọ́tò ohun tí kò ṣẹlẹ̀? Yorùbá ní ìkíni fún gbogbo iṣẹ́. A ń kí ọdẹ pé "àrìnpa", a ń kí àgbẹ̀ pé "àrokòbọ́dún", a sì ń kí onídìrí pé "ojúgbooro". Ní ti Taribo, onídìrí rẹ̀ nìkan ni a kí.

Auxerre ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀ kíka iṣẹ́ rẹ̀. Ìlú kékeré ni, kò tó àdúgbò kan nínú Bàrígà ní iye ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ní akọ́nimọ̀ọ́gbá kan, Guy Roux, tí ó ti wà nídìí ẹgbẹ́ náà láti àwọn ọdún 1960. Taribo dé ibẹ̀ ní 1993. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní Yúróòpù ti ń fi ẹ̀yìn wọn tò bí okùn aṣọ, tí oníkálùkù ń ṣọ́ apá ilẹ̀ kan, Roux kò yí padà: ó ń fún ẹni ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní ọkùnrin kan láti máa tẹ̀ lé, bí ọkùnrin náà bá lọ mumi, kí ó bá a lọ. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ẹnì kan yóò wà tí kò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, tí ó kàn ń wo pápá, tí ó ń dí ihò tí ó bá ṣí sílẹ̀. Ní sáà 1995 sí 1996, ẹni yẹn ni Laurent Blanc, ọ̀kan nínú àwọn tí ojú wọn mọ́lẹ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ ẹ̀yìn ní ìran rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ àti agbára gbé pàdé. Taribo ní ẹsẹ̀ tí ó yá, ó ní ara tí kò mọ ìfòyà, ó lè fò sókè ju ẹni tí ó ga jù ú lọ. Ohun tí kò ní ní ọ̀pọ̀ ni sùúrù. Bí ó bá rí bọ́ọ̀lù, ó fẹ́ gbà á nísinsìnyí, kò fẹ́ gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá méjì òní. Ní ọ̀dọ̀ Roux, àléébù yìí di ohun èlò. Wọ́n sọ fún un pé: ọkùnrin kan yìí ni tìrẹ, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó bá sì bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, Blanc ń bẹ lẹ́yìn rẹ. Kò sí ohun tí ó tún bá ìwà rẹ̀ mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1996, Auxerre gba ife líìgì Faransé fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀, ó sì tún gba Ife ilẹ̀ Faransé ní ọdún kan náà. Ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, Blanc ti lọ sí Barcelona, síbẹ̀ wọ́n ṣe ipò kìn-ín-ní níwájú Ajax nínú ọ̀wọ́ wọn ní Champions League, kí Dortmund tó dá wọn dúró ní ìpele àwọn mẹ́jọ tí ó kù. Bí a bá ń wá ìwé tí ó dára jù lọ tí Taribo kọ, ọdún mẹ́rin wọ̀nyẹn ni.

Ní 1997 ó kọjá sí Internazionale ní Milan. Ìdíje Ife UEFA ti 1998 fún wa ní ojú-ìwé méjì tí ó yẹ kí á kà tẹ̀ léra wọn, nítorí pé wọ́n fi gbogbo ọkùnrin náà hàn. Ní ìpele àwọn mẹ́jọ tí ó kù, Inter lọ sí Jámánì láti pàdé Schalke. Góòlù kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣíwájú láti Milan. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí eré parí, Schalke dá a padà, wọ́n sì wọ àfikún àkókò. Kò pẹ́ tí àfikún náà bẹ̀rẹ̀ ni góòlù Inter wọlé, ẹni tí ó gbá a sáwọ̀n sì ni Taribo, ẹni ẹ̀yìn, tí ó fi ilé sílẹ̀ lọ bá wọn ní oko. Àìnísùúrù rẹ̀ yẹn náà ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó so èso.

Ojú-ìwé kejì ni àṣekágbá, ní Paris, ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1998. Lazio ni wọ́n pàdé. Zamorano gbá ti àkọ́kọ́ wọlé, Zanetti gbá èkejì, Ronaldo sì tan aṣọ́lé jókòó kí ó tó gbá ẹ̀kẹta. Góòlù mẹ́ta sí òdo. Ọ̀rọ̀ ti bù ṣe. Ṣùgbọ́n kí adájọ́ tó fọn fèrè ìparí, ó ti lé Taribo jáde kúrò nínú pápá. Ẹ rò ó wò. Ilé ti wà ní àlàáfíà, olè ti sá lọ, ẹ̀ṣọ́ sì tún ń lé òjìji kiri. Mo ti gbọ́ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń di ẹ̀bi ru adájọ́. Èmi kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun ní irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára ní láti kọ́ bí a ti ń dúró, ìdúró sì wà lára iṣẹ́ oníbodè gẹ́gẹ́ bí ìjà ti wà lára rẹ̀.

Ní ti ikọ̀ Nàìjíríà, kí á sọ òótọ́. Àwọn ènìyàn ń ka 1996 bí ẹni pé kò ní àbùkù kankan. Kanu ni wọ́n ń rántí, Amunike ni wọ́n ń rántí. Bràsíl gbá góòlù mẹ́ta sílé wa kí á tó fi mẹ́rin ṣẹ́gun wọn. Ní àṣekágbá ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, Ajẹntínà gbá méjì kí á tó fi mẹ́ta borí. Góòlù márùn-ún nínú eré méjì! Ẹ̀yìn tí ó jẹ́ ti Taribo àti Uche Okechukwu kò tí ì jẹ́ odi ní ọdún náà. Àwọn tó wà níwájú ni wọ́n ń san gbèsè tí ẹ̀yìn ń jẹ. Wúrà ni wúrà ń jẹ́, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣe àríwísí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìlù bo ẹsẹ̀ tí ó ṣì tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní Ife Àgbáyé ní Faransé, gbèsè náà dé. A fi mẹ́ta sí méjì na Sípéènì, a na Bùlùgéríà, gbogbo ìlú gbóná. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 1998, Dẹ́ńmáàkì gbá mẹ́rin sílé wa, a gbá ẹyọ kan. Kò tí ì pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àwọ̀n wa ti mì lẹ́ẹ̀mejì. Ebbe Sand wọlé gẹ́gẹ́ bí arọ́pò ní ìlàjì kejì, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tí òun náà fi gbá tirẹ̀ wọlé.

Kí ló fà á? Ìdáhùn tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé owó ti wọ̀ wọ́n lórí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. N kò wọ inú ọkàn wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí ni pé ikọ̀ wa ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹ̀yìn tí ó tò bí okùn, kò sì sí Blanc lẹ́yìn wọn. Nígbà tí Taribo bá jáde lọ bá ọkùnrin rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Roux ti kọ́ ọ, ihò ni ó ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn, Dẹ́ńmáàkì sì mọ ihò. Ìdájọ́ tèmi ni pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó lágbára jù lọ ní ayé nínú iṣẹ́ títẹ̀ lé ọkùnrin kan, kò sì jẹ́ ẹni tí ó lè dá ilé ṣọ́. Bí ọ̀bẹ tí ó mú ṣe nílò àkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó nílò ẹni tí yóò máa bá a ronú. Èyí kì í ṣe ẹ̀gàn. Ọ̀pọ̀ àwọn elégbè tí ohùn wọn dùn ju ti olórí akéwì lọ kò lè dá ewì ké.

Ìdí tí a kò fi ń bá ara wa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìtàn ìgbésí ayé máa ń gbé iṣẹ́ mì. Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, eré kan wà tí wọ́n ń pè ní baseball, tí wọ́n fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Ẹnì kan máa ń dúró ní ibùdó àkọ́kọ́ níbẹ̀. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá he bọ́ọ̀lù nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń jù ú sí, kí ẹni tí ń sáré bọ̀ tó dé. Bí ó bá mú un, ẹni tí ó jù ú ni wọ́n ń yìn. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni wọ́n ń bú. Lou Gehrig ṣe iṣẹ́ yìí fún New York Yankees, ó gbá eré 2,130 tẹ̀ léra wọn láìsinmi ọjọ́ kan, láti 1925 títí di 1939. Àìsàn ni ó dá a dúró. Ó dágbére fún èrò ní pápá ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1939, ó kú ní 1941, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn náà. Lónìí, ẹni tí kò mọ ohun tí baseball jẹ́ mọ orúkọ àìsàn náà. Ọ̀pọ̀ tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ mọ ìdágbére, wọ́n mọ bí ó ṣe ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù jìnnà. Ọwọ́ tí ó fi ń mú bọ́ọ̀lù ní ibùdó àkọ́kọ́ ńkọ́? Ó di ti àwọn onímọ̀ díẹ̀.

Ní ti Taribo, ìjẹ́rìí ni ó gbé iṣẹ́ mì. Ó di pásítọ̀ nígbà tí ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, ó dá ìjọ sílẹ̀ ní Milan, ó tún ṣe iṣẹ́ ìwàásù ní Èkó. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé òun bá àwọn ọmọ ìta rìn ní Ṣómólú nígbà èwe, kí bọ́ọ̀lù tó yọ òun kúrò níbẹ̀. N kò ní ìjà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni, ìjẹ́rìí sì jẹ́ oríṣi lítíréṣọ̀ tí mo bọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n gbogbo oríṣi lítíréṣọ̀ ni ó ní òfin tirẹ̀. Òfin ìjẹ́rìí ni pé kí òkùnkùn wà ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ wà ní ìparí, kí àárín sì kúrú. Bí àárín bá gùn, àwọn ará ìjọ yóò máa wo aago. Ohun tí ó wà ní àárín yẹn gan-an ni iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ka àárín náà fún yín. Kí ó tó dé Auxerre, ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Obanta United, fún Sharks ti Port Harcourt, fún Rangers ti Enugu, fún Julius Berger ní Èkó. Ẹgbẹ́ mẹ́rin, ìlú sí ìlú, lórí pápá tí koríko rẹ̀ kò pé. Àwọn ará Ṣómólú kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún wọn. Ọmọ tí ó wá kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé yóò kọ́kọ́ gbálẹ̀, yóò to ìwé, yóò ká ìwé títí ìka rẹ̀ yóò fi le, kí ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan yíǹkì. Ó lè lo ọdún kan kí ó tó dúró nídìí mọṣíìnì Kord. Ìgbà tí ó bá ṣe fíríìdọ̀mù ni wọ́n ń pe ẹbí, tí wọ́n ń ya fọ́tò. Kò sí ẹni tí yóò rí fọ́tò fíríìdọ̀mù tí yóò rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọmọ náà fi mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí ó bá di ti bọ́ọ̀lù, ohun tí a ń rò gan-an nìyẹn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mo ń sọ. Mo ń rìn gba Bàrígà kọjá ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́. Mo ń rí àwọn ọmọ tí ń gbá mọ́ńkì póòsì ní òpópónà, pẹ̀lú òkúta méjì fún ilé, àti àwọn kéékèèké tí ń fi félélé ṣeré lẹ́bàá gọ́tà. Mo bá àwọn kan sọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan nídìí ìtẹ̀wé, ọ̀kan nídìí ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí pé ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní aṣojú agbábọ́ọ̀lù ti gba owó lọ́wọ́ ìyá wọn. Mo bi wọ́n pé ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n ń kọ́ nípa bọ́ọ̀lù, ta ni ọ̀gá wọn, ìgbà wo ni wọn yóò ṣe fíríìdọ̀mù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ṣẹ̀bí Taribo náà, láti ibí ni, sà? Tí àsìkò bá tó, ó ti tó nìyẹn." Ọmọ náà mọ ìbẹ̀rẹ̀, ó mọ ìparí. Kò gbọ́ orúkọ Obanta United rí láyé rẹ̀.

Ohun tí ó sì dùn mí ni pé kò jìnnà sí ibi tí a dúró sí ni Akọkà wà, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ St. Finbarr's wà, èyí tí àlùfáà ará Ireland kan, Denis Slattery, dá sílẹ̀ ní 1956. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ni Stephen Keshi ti jáde, òun náà ẹni ẹ̀yìn, ẹni tí ó di balógun ikọ̀ Nàìjíríà nígbà tí a gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní 1994, tí ó sì tún jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nígbà tí a gbà á ní 2013, kí ó tó ṣaláìsí ní 2016. Àwọn kan fẹ́ràn láti fi àwọn méjèèjì wé ara wọn: ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ọmọ ìta. Mo rò pé ìfiwéra náà ń tan wá jẹ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ṣẹ́ ni ó yàtọ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n kọ́ ọ. Keshi ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń wò ó. Taribo fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mìíràn, bí àwọn onísọ̀nà àtijọ́, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Roux.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kù. Ní 2013, Žarko Zečević, tí ó ti jẹ́ aláṣẹ ní ẹgbẹ́ Partizan ní ìlú Belgrade, sọ pé ọjọ́ orí Taribo ju ohun tí ó pè é lọ nígbà tí ó wá gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ní 2003. Taribo sẹ́ ẹ. Èmi kì í ṣe adájọ́ ẹjọ́ náà, n kò sì rí ohun tí ó fi kan àríwísí. Iye ọdún ẹni kì í gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ atamátàsé. Ọ̀rọ̀ tí ó ń dá àwọn ènìyàn lára yá jù lọ ni èyí, nítorí pé kò béèrè pé kí wọ́n ti wo eré kankan rí.

Àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ó lọ sí Milan, kò pẹ́ níbẹ̀. Ní Derby, ní sáà 2000 sí 2001, ó wà lára àwọn tí kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà já sí ìpele kejì, iṣẹ́ gidi sì ni èyí tí kò sí ẹni tí ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni Kaiserslautern, Partizan, Kàtárì, Plymouth, Íránì. Bí agbára ṣe ń dín kù, tí kò sì sí sùúrù tí yóò rọ́pò rẹ̀, ìlú ń pọ̀ sí i.

Ní báyìí ni mo fẹ́ padà sórí orúkọ tí mo dá sílẹ̀. Láyé àtijọ́, ìlú olódi ní ẹnubodè, ẹnubodè sì ní oníbodè. Òun ni ń mọ ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde. Àwọn jagunjagun ni a ń kọ orin fún, ṣùgbọ́n bí oníbodè bá sùn, kò sí ìlú tí jagunjagun yóò padà sí. Mo gbé e tọ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan lọ, mo ní kí wọ́n máa pe ẹni ẹ̀yìn ní oníbodè. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí òun bá pariwo oníbodè lórí afẹ́fẹ́, àwọn awakọ̀ tí ń gbọ́ rédíò yóò rò pé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ni òun ń wí, wọn yóò máa rántí owó tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ wọn. Mo sọ fún un pé àwọn oníbodè àtijọ́ náà gba owó ibodè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ń kọjá, àti pé bí ó bá bi àwọn atamátàsé ilẹ̀ Faransé tí wọ́n gba ẹnubodè Auxerre kọjá láàárín 1993 sí 1997, wọn yóò sọ iye tí Taribo gbà lójúgun wọn fún un. Ó ní òun yóò dán an wò nínú eré ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀, bí ọ̀gá òun bá gbà.